Kíka àpò kòkó ìlú kọ̀ọ̀kan lónírúurú ọ̀nà nínú ìbéèrè SQL kan ṣoṣo: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Àkúrẹ́

Iṣẹ́ tí mo kọ sílẹ̀ yìí jẹ́ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olóko kòkó kan tí sítọ́ọ̀ wọn wà ní Àkúrẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ń kó àpò wá láti Ìdànrè, Ọ̀wẹ̀nà, Oǹdó àti Bọ́lọ́rundúró. Bí àpò kan bá ti dé, wọn a gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọn a fi ẹ̀rọ wo bí omi inú hóró rẹ̀ ti pọ̀ tó, wọn a sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú dátábéèsì SQLite (SQL ni èdè tí a fi ń bi í ní ìbéèrè) tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká sítọ́ọ̀ náà. Ohun tí màmá tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ń fẹ́ ní ìparí oṣù kò ju ojú ìwé kan lọ: kí ìlú kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà tirẹ̀, kí iye àpò tí ó ti ibẹ̀ wá, iye tí ó gbẹ, iye tí ó tutù, iye tí ó ti bu, àti iye tí a kò tíì san owó rẹ̀ tán sì tò tẹ̀lé orúkọ ìlú náà.

Gbogbo òpó márààrún yìí ń ka àpò kan náà, ṣùgbọ́n àmúyẹ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń kà á yàtọ̀ síra. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ohun tí iṣẹ́ náà fi hàn mí, tí mo sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń ka èyí mú lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni pé àmúyẹ tí ó jẹ́ ti òpó kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ sí nínú WHERE, apá ìbéèrè SQL tí ó ń yan ìlà tí a ó lò. Inú kíkà òpó yẹn gan-an ni kí a fi í sí.

Ìpele 1: irinṣẹ́ àti àpò ìdánwò

Irinṣẹ́ kò pọ̀. Ọ̀fẹ́ ni SQLite, fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo dátábéèsì náà, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ó wúlò gan-an ní sítọ́ọ̀ tí iná mànàmáná kì í dúró pẹ́. Owó tí ẹgbẹ́ ná kò kọjá ti epo jẹnẹrétọ̀ àti ti bébà ìtẹ̀wé. Bí àwọn tábìlì náà ṣe rí lẹ́yìn àtúnṣe ìpele kejì nìyí:

```
CREATE TABLE ilu (id INTEGER PRIMARY KEY, oruko TEXT);
CREATE TABLE apo (
  id INTEGER PRIMARY KEY,
  ilu_id INTEGER,
  ojo_de TEXT,
  iwuwo REAL,
  omi REAL,
  ebu INTEGER,
  ojo_owo TEXT
);
```

`omi` ni ìdá omi nínú ọgọ́rùn-ún. Ní sítọ́ọ̀ yìí, àpò tí omi rẹ̀ kò bá ju 7.5 lọ ni wọ́n ń pè ní gbígbẹ. `ebu` máa ń jẹ́ 1 bí èébu bá ti mú kòkó inú àpò náà, bí kò bá sí èébu, 0 ni. `ojo_owo` ni ọjọ́ tí owó àpò náà pé lọ́wọ́ àgbẹ̀. Títí di ọjọ́ yẹn, òfo ni, èyí tí SQL ń pè ní NULL.

N kò dán ohunkóhun wò lórí àkọsílẹ̀ gidi. Àpò 12 ni mo fọwọ́ kọ sílẹ̀ fún ìdánwò, kílò 64 ni mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí, kí n lè fi ìka ka gbogbo ìdáhùn kí n tó gbà á gbọ́:

```
id  ilu      omi   ebu  ojo_owo
1   Ìdànrè   7.1   0    2024-11-08
2   Ìdànrè   7.4   0    2024-11-08
3   Ìdànrè   8.6   0    NULL
4   Ìdànrè   7.0   1    NULL
5   Ìdànrè   NULL  0    NULL
6   Ọ̀wẹ̀nà   8.8   0    NULL
7   Ọ̀wẹ̀nà   9.4   1    NULL
8   Ọ̀wẹ̀nà   NULL  0    NULL
9   Oǹdó     7.2   0    2024-11-15
10  Oǹdó     7.5   0    2024-11-15
11  Oǹdó     9.1   1    NULL
12  Oǹdó     7.3   0    NULL
```

Bọ́lọ́rundúró wà nínú tábìlì `ilu`, ṣùgbọ́n mi ò fún un ní àpò kankan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi àpò méjì tí ẹ̀rọ kò wọ̀n sí i, nítorí ọjọ́ tí bátìrì ẹ̀rọ bá kú, àpò a máa wọlé láìsí òǹkà omi.

Ìpele 2: ìlú kan tí ó di mẹ́ta

Kí n tó ṣe àtúnṣe, inú ìlà àpò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tẹ orúkọ ìlú sí. Nígbà tí mo ní kí ó ka àpò ní ìlú-ìlú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọ̀wẹ̀nà jáde: ọ̀kan láìní àmì, méjì pẹ̀lú àmì, àwọn méjì tí ó ní àmì sì jọra délẹ̀délẹ̀ lójú. LENGTH, tí ó ń ka iye ẹyọ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀, ni ó tú àṣírí wọn:

```
SELECT oruko_ilu, LENGTH(oruko_ilu), COUNT(*)
FROM apo_atijo
GROUP BY oruko_ilu;
```

Èyí tí kò ní àmì gùn ní 5, èkejì ní 7, ẹ̀kẹta ní 10. Ohun tí ó fà á ni pé Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, kò ní àmì kan ṣoṣo fún lẹ́tà bí ẹ̀. Bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà kan lè kọ ẹ tí ó ti ní ẹ̀sẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, kí ó wá fi àmì ohùn lé e; ti fóònù mìíràn lè kọ e lásán, kí ó kọ ẹ̀sẹ̀ tẹ̀lé e, kí ó sì wá kọ àmì ohùn. Kódà à lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n báìtì ni SQLite fi ń wé ọ̀rọ̀ méjì, bí báìtì wọn kò bá sì dọ́gba, ọ̀wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò kó wọn sí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi orúkọ Yorùbá ṣe GROUP BY, ìyẹn kíkó ìlà jọ ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, bóyá orúkọ ìlú ni o, bóyá orúkọ ènìyàn, yóò bá èyí pàdé.

PostgreSQL, ètò dátábéèsì mìíràn, ní `normalize()` tí ó ń tún irú èyí ṣe, láti ẹ̀dà 13 tí ó jáde ní ọdún 2020. SQLite kò ní irú rẹ̀, nítorí náà Python ni mo lò: `unicodedata.normalize("NFC", oruko)` ni ó sọ gbogbo rẹ̀ di ẹ̀yà kan ṣoṣo. Èyí tí kò ní àmì rárá ni mo fọwọ́ tún ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo yọ orúkọ kúrò nínú tábìlì àpò, mo fi nọ́ńbà ìlú rọ́pò rẹ̀, àwọn tí ń kọ àpò sílẹ̀ kò sì tẹ orúkọ ìlú mọ́, inú àkójọ ni wọ́n ti ń mú un. Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kúkú yọ àmì ohùn kúrò lára gbogbo orúkọ. N kò fara mọ́ ọn. Àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ń ka ìwé yìí, ó sì yẹ kí wọ́n rí orúkọ ìlú wọn bó ṣe tọ́.

Ìpele 3: WHERE tí ó lé ìlú lọ

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ ni pé ìbéèrè kan fún òpó kan. Ti àpò gbígbẹ ni èyí:

```
SELECT i.oruko, COUNT(*)
FROM apo a
JOIN ilu i ON i.id = a.ilu_id
WHERE a.omi <= 7.5
GROUP BY i.id, i.oruko
ORDER BY i.id;
```

Lórí àpò ìdánwò, ìdáhùn rẹ̀ ni Ìdànrè 3, Oǹdó 3. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n Ọ̀wẹ̀nà kò sí níbẹ̀ rárá. Kò jáde pẹ̀lú 0, ńṣe ni ó pòórá. WHERE dà bí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà: ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kí GROUP BY tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìlà jọ, ẹni tí ó bá sì dá padà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹni tí yóò rí i nínú ilé.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò da ìdáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kọ sínú ìwé ìṣirò, òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Òpó gbogbo àpò ní ìlà mẹ́ta, òpó gbígbẹ ní méjì péré, 3 tí ó jẹ́ ti Oǹdó á wá sún sókè sí ẹ̀gbẹ́ Ọ̀wẹ̀nà. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò rí i pé àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Ọ̀wẹ̀nà gbẹ, nígbà tí méjì nínú wọn tutù tí a kò sì wọn ẹ̀kẹta. Oǹdó ní tirẹ̀ yóò wà láìní ohunkóhun. Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nínú ìwé gidi kí wọ́n tó pè mí, màmá akọ̀wé sì ni wọ́n rí i kí owó tó jáde. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àpò tí ìwé yìí pè ní gbígbẹ, mo tọwọ́ bọ̀ ọ́ láàárọ̀, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́."

Mo tún wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá kó àmúyẹ méjì sínú WHERE kan, `omi <= 7.5 AND ojo_owo IS NULL`. Ìdànrè 1, Oǹdó 1 ni ó mú wá, ìyẹn àpò tí ó gbẹ tí a kò sì tíì sanwó rẹ̀. Kò dáhùn ti gbígbẹ, kò sì dáhùn ti àìsanwó.

Ìpele 4: gbígbé àmúyẹ wọ inú COUNT

CASE, tí ó ń wo àmúyẹ kan lórí ìlà kọ̀ọ̀kan kí ó tó mú iye jáde, ni a fi ń ṣe é. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń kọ nìyí:

```
COUNT(CASE WHEN a.omi <= 7.5 THEN 1 ELSE 0 END)
```

Ó mú Ìdànrè 5, Ọ̀wẹ̀nà 3, Oǹdó 4 wá, èyí tí ó jẹ́ iye gbogbo àpò gẹ́lẹ́. COUNT kì í wo ohun tí ó wà nínú iye. Bóyá iye wà tàbí kò sí nìkan ni ó ń wò. 0 jẹ́ iye, nítorí náà ó kà á. NULL nìkan ni ó máa ń fò. Ìdí nìyí tí `COUNT(a.omi <= 7.5)` pàápàá fi ń tanni jẹ: ní SQLite, ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ kọ́" jẹ́ 0, tí kì í ṣe NULL, ohun tí ó sì kà ni gbogbo àpò tí a wọ̀n, Ìdànrè 4, Ọ̀wẹ̀nà 2, Oǹdó 4. Òǹkà yìí léwu ju ti ìṣáájú lọ, torí ó yàtọ̀ sí iye gbogbo àpò, ó sì jọ òótọ́.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni kí a yọ ELSE kúrò, kí CASE lè mú NULL jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí àmúyẹ kò bá bá a mu. Èkejì ni kí a fi ELSE 0 sílẹ̀ kí a sì fi SUM rọ́pò COUNT. Ní SQLite àti MySQL (ètò dátábéèsì mìíràn), a tilẹ̀ lè kọ `SUM(a.omi <= 7.5)` láìsí CASE, ṣùgbọ́n PostgreSQL kò ní gbà á, bí ọ̀wọ́ kan kò bá sì ní iye kankan, NULL ni yóò mú wá dípò 0. COUNT láìsí ELSE ni mo yàn.

Ìpele 5: Bọ́lọ́rundúró tí kò kó àpò wá

Màmá akọ̀wé fẹ́ kí gbogbo ìlú wà nínú ìwé, pàápàá èyí tí kò kó nǹkan wá, kí wọ́n lè mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n ránṣẹ́ sí. Mo yí JOIN, tí ó ń so tábìlì méjì pọ̀, padà sí LEFT JOIN, tí `ilu` ṣáájú. Ibí ni mo ti pẹ́ jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

LEFT JOIN máa ń fún ìlú tí kò ní àpò ní ìlà kan tí gbogbo òpó àpò inú rẹ̀ jẹ́ òfo. COUNT(*) ka ìlà yẹn, ó sì sọ pé Bọ́lọ́rundúró kó àpò 1 wá. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: `COUNT(a.id)`. Ti owó ni kò rọrùn láti rí:

```
COUNT(CASE WHEN a.ojo_owo IS NULL THEN 1 END)
```

Ojú ẹni kò lè rí àléébù lára èyí. Síbẹ̀, nínú ìlà òfo ti Bọ́lọ́rundúró, `ojo_owo` jẹ́ NULL lóòótọ́, àmúyẹ bá a mu, CASE mú 1 jáde, ìwé sì sọ pé ẹgbẹ́ jẹ ìlú tí kò kó hóró kòkó kan wá ní owó àpò kan. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi `a.id` rọ́pò 1:

```
COUNT(CASE WHEN a.ojo_owo IS NULL THEN a.id END)
```

Bí àpò kò bá sí, `a.id` fúnra rẹ̀ jẹ́ NULL, kò sì sí ohun tí COUNT yóò kà. Láti ìgbà náà, `THEN a.id` ni mo ń kọ níbi gbogbo, bóyá LEFT JOIN wà tàbí kò sí.

Àmúyẹ ọjọ́ tí àpò dé kan gbogbo òpó, torí náà ènìyàn lè rò pé WHERE ni ibùgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n `WHERE a.ojo_de >= '2024-10-01'` yóò lé ìlà òfo Bọ́lọ́rundúró dànù, LEFT JOIN yóò sì di asán. Inú ON, níbi tí a ti ń so tábìlì méjèèjì pọ̀, ni kí ó wà. Ọdún kòkó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ó sì ń parí ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án; mo kọ ọ́ pẹ̀lú `>=` àti `<`, kì í ṣe BETWEEN, nítorí àpò tí ó wọlé ní `2025-09-30 15:20` tóbi ju `2025-09-30` lọ lójú SQLite, BETWEEN yóò sì fi í sílẹ̀.

Ìpele 6: àpò tí kò gbẹ tí kò sì tutù

Gbígbẹ jẹ́ 6, tútù jẹ́ 4, gbogbo àpò jẹ́ 12. Méjì ló kù. Àwọn ni àpò 5 àti àpò 8 tí a kò wọ̀n: NULL kò kéré sí 7.5, kò sì ju 7.5 lọ, kódà `NOT (a.omi <= 7.5)` kò mú un. Àwọn kan máa ń fi COALESCE sọ irú òfo bẹ́ẹ̀ di 0, èyí tí yóò sọ àpò tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n di èyí tí ó gbẹ jù lọ ní sítọ́ọ̀. N kò gbà fún un. Òpó tirẹ̀ ni mo fún un, `a.omi IS NULL`, kí ẹni tí ó ń wọn kòkó lè rí i pé iṣẹ́ kù.

Ìpele 7: owó tí a san díẹ̀díẹ̀

Wọ́n ní tábìlì `isanwo` tí ó ń gba owó díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀, àpò 1 sì gba tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo ṣe so tábìlì náà mọ́ ìbéèrè báyìí, àpò 1 di ìlà méjì, Ìdànrè fò láti 5 sí 6, gbígbẹ láti 3 sí 4, ìwúwo láti kílò 320 sí 384. `COUNT(DISTINCT CASE WHEN a.omi <= 7.5 THEN a.id END)` tún kíkà ṣe, torí pé `a.id` ni ó wà nínú THEN. Ṣùgbọ́n DISTINCT, tí ó ń mú iye tí ó bá jọra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò lè gba ìwúwo là: `SUM(DISTINCT a.iwuwo)` wo àpò márààrún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 64, ó sì sọ pé kílò 64 ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó tọ́ ni kí a ti ṣe àròpọ̀ owó àpò kọ̀ọ̀kan kí a tó so ó pọ̀, kí àpò kan má ní ju ìlà kan lọ:

```
LEFT JOIN (SELECT apo_id, SUM(iye) AS iye
           FROM isanwo GROUP BY apo_id) s
  ON s.apo_id = a.id
```

Ìpele 8: FILTER

Ọ̀nà kan wà tí ó mọ́ ju CASE lọ, tí ó sì ti wà nínú ìlànà SQL láti ọdún 2003:

```
COUNT(a.id) FILTER (WHERE a.omi <= 7.5)
```

PostgreSQL gbà á láti ẹ̀dà 9.4, ní 2014. SQLite láti ẹ̀dà 3.30.0, ní 2019. MySQL kò ní i. Ó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi, ó sì fún mi ní ìdáhùn kan náà. Lórí ti sítọ́ọ̀, àṣìṣe ni ó gbé jáde, `SELECT sqlite_version();` sì fi hàn pé ẹ̀dà tí ó wà níbẹ̀ ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Mo lè sọ ọ́ di tuntun, àmọ́ fáìlì náà máa ń lọ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, n kò sì fẹ́ kí ìwé oṣù kọ̀ láti jáde lọ́jọ́ tí n kò bá sí nítòsí. CASE ni mo fi sílẹ̀.

Ìpele 9: ìbéèrè tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí

```
SELECT i.oruko,
  COUNT(a.id) AS gbogbo,
  COUNT(CASE WHEN a.omi <= 7.5 THEN a.id END) AS gbe,
  COUNT(CASE WHEN a.omi > 7.5 THEN a.id END) AS tutu,
  COUNT(CASE WHEN a.omi IS NULL THEN a.id END) AS aiwon,
  COUNT(CASE WHEN a.ebu = 1 THEN a.id END) AS ebu,
  COUNT(CASE WHEN a.ojo_owo IS NULL THEN a.id END) AS gbese,
  ROUND(100.0 * COUNT(CASE WHEN a.omi <= 7.5 THEN a.id END)
        / NULLIF(COUNT(a.omi), 0), 1) AS ida_gbe
FROM ilu i
LEFT JOIN apo a ON a.ilu_id = i.id
  AND a.ojo_de >= '2024-10-01'
  AND a.ojo_de < '2025-10-01'
GROUP BY i.id, i.oruko
ORDER BY i.id;
```

```
Ìdànrè        5  3  1  1  1  3  75.0
Ọ̀wẹ̀nà        3  0  2  1  1  3  0.0
Oǹdó          4  3  1  0  1  2  75.0
Bọ́lọ́rundúró   0  0  0  0  0  0  NULL
```

100.0 ni mo kọ, kì í ṣe 100 lásán, torí pé bí SQLite tàbí PostgreSQL bá fi odidi nọ́ńbà pín odidi nọ́ńbà, wọn a gé ohun tí ó ṣẹ́kù dànù. NULLIF ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ pípín pẹ̀lú 0, èyí tí PostgreSQL máa ń bínú sí. Mo fi àpò tí a wọ̀n nìkan ṣe ìpìlẹ̀ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún: bí mo bá fi gbogbo àpò ṣe é, Ìdànrè yóò bọ́ sí 60, àgbẹ̀ ni yóò sì ru ẹ̀bi bátìrì tí ó kú.

Kí wọ́n tó tẹ ìwé jáde, ohun méjì ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́, kí àròpọ̀ òpó `gbogbo` bá `COUNT(*)` tábìlì àpò fún ọdún kòkó kan náà mu. Bí kò bá bá a mu, àpò kan wà tí nọ́ńbà ìlú rẹ̀ kò sí nínú tábìlì `ilu`. Èkejì, kí `gbe`, `tutu` àti `aiwon` pé `gbogbo` lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá yí 7.5 padà nínú `gbe` tí ó sì gbàgbé ti `tutu`, ibẹ̀ ni ó ti lè hàn.

Lẹ́yìn tí màmá akọ̀wé ti rí ìwé àkọ́kọ́, wọ́n béèrè bóyá a lè fi àpò tí ó gbẹ tí èébu sì ti mú hàn lọ́tọ̀, nítorí kòkó tí ó bu lẹ́yìn tí ó ti gbẹ sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n kó o pamọ́ sí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísá nìkan. Ìlà kan ni mo fi kún un, n kò sì fọwọ́ kan èyí tí ó kù:

```
COUNT(CASE WHEN a.omi <= 7.5 AND a.ebu = 1 THEN a.id END) AS gbe_ebu
```

Ìdànrè 1 ni ó mú wá, ìyẹn àpò 4, àwọn ìlú yòókù sì jẹ́ 0. Àpò 4 yìí wà nínú `gbe`, ó wà nínú `ebu`, ó sì tún wà nínú `gbe_ebu`, nítorí náà mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé a kì í ro òpó `ebu` àti `gbe_ebu` pọ̀ mọ́ àwọn mẹ́ta tí ó gbọ́dọ̀ pé `gbogbo`.